Ìwé Tó Ń Pa Akọ̀wé Lẹ́rìn-ín

Alàmísì, ìrọ̀lẹ́



Ìyá ọkọ mi gbọ́ tí Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, ń dá rẹ́rìn-ín sí ìwé ìtàn ẹ̀. Ó já a gbà, ó gbé e fún mi.

“Ìyá Ràfíù, ìwọ tó o kàwé díẹ̀, kí ló wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ìṣekúṣe, mo máa dáná sun ún.”

Mo rí “bébé”, ìyẹn ọmọ ọwọ́ lédè Faransé, mo rí “école”, ìyẹn ilé-ìwé. Akọ̀wé ti sọ ìtàn inú ẹ̀ fún mi níbi tá a ti ń pa ẹ̀pà: ọmọbìnrin kan lóyún nílé-ìwé. Bíi tèmi.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ̀kọ́ kíláàsì ni, Màmá.”

Màmá dá ìwé náà padà, ó lọ. Akọ̀wé ní, “Ìyàwó wa, o mà lè purọ́ o!”

“Dákẹ́. Ọmọbìnrin inú ìwé yẹn, ṣé ó padà sílé-ìwé?”

“Mi ò tíì kà á débẹ̀.”

Mo pọn ọmọ mi, mo lọ bá Akọ̀wé pọnmi tiẹ̀, kó lè ráyè kà á débẹ̀.