Bátìrì Àtijọ́ Tí Mervyn Kò Dà Nù

Inú Ọkọ̀ Wandoo,
Etí Odò Burnett,
Bundaberg, Queensland.
9 Oṣù Kẹwàá, 2019.

Narelle, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Ballarat o. Orúnkún rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́? Ṣé o ti ń dá rìn? Àwọn ọmọ ń yọjú sí ọ bó ṣe yẹ, àbí orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń kí ọ? Colin ọkọ rẹ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò ní í jẹ́ kí o sinmi.

Ní tèmi àti ọkọ mi, a ṣì wà ní Bundaberg. Má wulẹ̀ retí káàdì kankan láti Nouméa lókè òkun. A ò lọ mọ́.

O rántí pé ọgbọ̀n ọdún ni Mervyn ti ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò orí òkun yìí. Dókítà wá ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá ojú rẹ̀ jà, pé tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, kò ní lè ka kọ́ńpáàsì mọ́. Ọdún yìí nìkan ló kù fún un. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa wà nínú fíríìjì, fíríìjì wa sì jẹ́ alájẹkì iná. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe dórí bátìrì nìyẹn.

Èyí tí a ní ti lo ọdún méje. Mo ní kó ra méjì tuntun. Ẹyọ kan ló rà, ó sì so ó mọ́ ti àtijọ́. O mọ̀ ọ́n, kì í da nǹkan nù. Okùn jíjá àti ìṣó dídógùn-ún ló kún abẹ́ ibùsùn wa. Dulcie, ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ń dá wa ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yọjú wo àpótí bátìrì, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Mervyn, o so arúgbó mọ́ ọmọdé! Á jẹ oúnjẹ ọmọ náà mọ́ ọn lẹ́nu.”

Mervyn ní, “Ìwọ arúgbó yìí ńkọ́, oúnjẹ ta lò ń jẹ?”

Èmi òmùgọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Sólà ẹ̀yìn ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, a ó tún tan ẹ́ńjìnnì fún wákàtí méjì, èéfín á bo gbogbo wa. Bátìrì àtijọ́ á fa iná náà mu, kò sì ní í pa á mọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni Mervyn ń pè mí wá wo mítà bátìrì. “Roslyn, wá wò ó, ó kún dẹ́múdẹ́mú!” Ó sì máa ń kún lóòótọ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo ra oúnjẹ oṣù méjì sínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo jí ṣáájú rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn fíríìjì. Mo ṣí i, mo fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Narelle, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń pa fíríìjì tí mo bá ti sùn, kí mítà lè dùn ún wò láàárọ̀!

Mo ní, “Mervyn, ta lò ń tàn?”

Ó ní, “Ara mi ni. Ìwọ kàn wà níbẹ̀ ni.”

Inú bí mi, mo sunkún. Apòògùn ní ká da gbogbo abẹ́rẹ́ náà nù. Dulcie bá wa yẹ bátìrì tuntun wò, ó ní ti àtijọ́ ti pa á. Kí owó ìfẹ̀yìntì wa tó tún ká méjì, ìjì oṣù kọkànlá á ti dé. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àná ni Dulcie lọ. Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ sí òkun ńlá níbí, gbogbo àwọn tó kù ló ń fun họ́ọ̀nù fún un. Mervyn tẹ tiwa, kò dún. Ó tún un tẹ̀, kò dún. Dulcie kígbe látojú omi pé, “Mervyn, ṣé ò ń bá mi jà ni?” Ni Mervyn bá sáré wọlé, ó gbé páànù tí a fi ń dín ẹyin, ó ń fi ṣíbí lù ú. Dulcie yà ní kọ̀rọ̀ odò, àwọn yòókù dákẹ́, ọkọ mi ṣì ń lu páànù. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni, àfi ìgbà tó wo ojú odò títí, tó kọjú sí mi tó ní, “Ṣé ó ti lọ ni?”

Bá mi kí Colin. Kó má bi Mervyn léèrè ọkọ̀ o, tó bá pè wá. Bí yàrá ẹ̀yìn yín bá ṣì ṣófo, jẹ́ kí n mọ̀, kí o sì bá mi ka iye àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí Mervyn lè fi ẹsẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Roslyn.