Ojú Naimat Lábẹ́ Bíríìjì Sango

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Mítìn bọ́ọ̀dù. Díẹ̀ ló kù kí n da tíì gbígbóná sí Àwòrán láyà.

Àwòrán ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Níta, Ọ̀túnba Dúrótoyè ni, alága Àjọ Ìṣọ́wóná, ẹni tó ni iléeṣẹ́ ike lọ́nà Ìdí-Irókò. Kì í débì kankan láìmú ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀ dání. Oníkámẹ́rà méjì ló kó wá síbi ìsìnkú bàbá Alhaji.

Àwa mẹ́rin là ń darí àjọ yìí: òun, èmi Àtinúkẹ́, tí mo ṣiṣẹ́ báǹkì títí mo fi fẹ̀yìn tì, Alhaji Sirajudeen tó ń ta irin ní Sango, àti Susanna, ìyàwó pásítọ̀, tí mo ń pè ní Àmín, torí kò sóhun tí Àwòrán sọ tí kì í ṣe àmín sí. À ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó: bí wọ́n ṣe ń ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń dá gbájú-ẹ̀ orí fóònù mọ̀. Iṣẹ́ gidi. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ wọn láràárọ̀ Àbámẹ́ta. Àwòrán ò tíì jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ kan parí rí.

Lónìí, bílíbọ́ọ̀dù ló fẹ́. Ó ní àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ fẹ́ fojú rí èso iṣẹ́ wa. Mo ní owó bílíbọ́ọ̀dù yẹn tó ṣí kíláàsì tuntun ní Adó-Odò. Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ẹ ò mọ ayé." Àmín ní àmín. Àwòrán ní kí n dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi tó dáa jù. Mo dárúkọ Naimat. Mo kàn fẹ́ kí mítìn parí ni.

Télọ̀ ni Naimat, ní Ijoko. Òun náà ni akápò ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ obìnrin àdúgbò rẹ̀. Kó tó mọ̀ mí rárá ló ti mọ owó í ṣọ́. Ohun tó wá kọ́ lọ́dọ̀ wa ò ju ọ̀rọ̀ báǹkì àti fóònù lọ. Á da ìbéèrè bò mí títí n óò fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n mumi.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n ya fọ́tò náà ní ọgbà iléeṣẹ́ Àwòrán. Naimat pè mí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, wọ́n fún un ní ìró kan tó ti gbó, wọ́n ní kó káwọ́ lérí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó jẹ́ kó wọ aṣọ tirẹ̀. "Mọ́mì, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹja wà lórí iná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Ẹrẹ́nà

Kò síná. Ooru. Àwòrán fi fídíò ara rẹ̀ sórí Wasáàpù bọ́ọ̀dù, ó ń gbin igi. Igi ọ̀hún ò ní gbòǹgbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Ẹrẹ́nà

Naimat ò wá sí kíláàsì. Mo ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lábẹ́ bíríìjì Sango, mo gbójú sókè. Naimat. Naimat méjì. Ti apá òsì káwọ́ lérí, irun rẹ̀ rí jákujàku, ìró ti ya, ìkòkò òfìfo wà níwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: LÁNÀÁ, ÀPÀ NI MÍ. Ti apá ọ̀tún ń rẹ́rìn-ín: LÓNÌÍ, MO GBỌ́N. Àwòrán alára dúró láàrin wọn, orí tirẹ̀ tóbi ju orí àwọn méjèèjì lọ.

Àpà! Naimat tó ń ṣa àgékù aṣọ jọ, tó ń tà á fáwọn tó ń ṣe tìmùtìmù!

Ọlọ́kadà kan ń kà á sókè fún èkejì rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo pe Àwòrán lórí ìdúró. Mo ní ta ló kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ìpolówó ni, ta ló ń ka ìyẹn sí. Mo ní ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí lórí ló ń kà á sí. Ó ní òun wà nínú mítìn. Mò ń gbọ́ ìró àwo oúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Ẹrẹ́nà

Àwòrán ò gbé fóònù mi. Òpònú.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Ẹrẹ́nà

Naimat wá sílé. Kò jókòó títí mo fi fi ìbínú sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ wọn ṣèpàdé lánàá. Owó tí wọ́n ti ń dá láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n fẹ́ fi ra ìrẹsì àti màlúù Ìtúnu Ààwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kó gbé e fún ẹlòmíì ná. Ẹnikẹ́ni ò pè é lólè. "Wọ́n ní kí n sinmi ni, Mọ́mì. Wọ́n ń wo ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Láti ìgbà tó ti ń ṣe akápò, owó wọn ò dín rí. Ní báyìí, àwọn ọmọ kéékèèké ń kọrin àpà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kò sunkún. Ohun kan ló bẹ̀ mí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé eré ni wọ́n fi mí ṣe, pé bí mo ṣe wà kọ́ nìyẹn. Wọ́n á gba tiyín gbọ́. Ṣùgbọ́n kó má di ariwo, nítorí Ọlọ́run."

Mo ní n óò lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fojú Àwòrán rí màbo ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Ẹrẹ́nà

Mítìn pàjáwìrì. Mo ní kí wọ́n já nǹkan yẹn walẹ̀ lónìí. Alhaji wà nínú ààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ ó dìde dúró gbè mí. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọ òun ni wọ́n kọ àpà sí lórí ńkọ́?

Àwòrán ní a ti sanwó oṣù mélòó kan sílẹ̀, àti pé obìnrin náà gbà kí wọ́n ya òun. Àmín ní ká fi ìfẹ́ yanjú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ká ṣe ohun tí Àwòrán fẹ́. Àwa méjì sí àwọn méjì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí alága ló borí. Òfin wa nìyẹn. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣe é.

Nígbà tí mo ń kó báàgì mi, Àwòrán ní: "Ìlara ló ń yọ yín lẹ́nu, Màdáámù. Ẹ bá ti sọ pé fọ́tò tiyín lẹ fẹ́ ká gbé síbẹ̀."

N óò yọ ọ́ lálága. Bó bá jẹ́ ohun tí n óò ṣe kẹ́yìn láyé nìyí, n óò yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Ẹrẹ́nà

Mo rántí Bíọ́lá. Abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́ ní báǹkì. Ó ti di ẹni tó ń ṣe ètò àárọ̀ lórí rédíò. Mo pè é, mo rò ó fún un. Inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní kí n wá lọ́la.

Naimat pè lọ́sàn-án. Ṣé mo ti ráyè dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́? Mo ní lọ́la. Mi ò sọ ibi tí mò ń lọ lọ́la fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Ẹrẹ́nà

Mo sọ ọ́! Gbogbo rẹ̀! Ìró tó gbó, ìkòkò òfìfo, iléeṣẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀. Mo sọ bí wọ́n ṣe gba owó Ìtúnu lọ́wọ́ Naimat. Mo sọ àdúgbò, mo sọ ẹgbẹ́. Bíọ́lá ń mi orí bí ẹni tó ń jẹ oyin. Àwọn èèyàn ń pè wọlé ṣáá. Bàbá kan pè láti Adó-Odò pé òun ṣetán láti wá sọ bílíbọ́ọ̀dù náà lókò títí yóò fi ya. Obìnrin kan ní kí wọ́n dárúkọ Ìyá Ẹgbẹ́ náà, ìkà ni.

Ó ti pẹ́ tí ara mi ti yá tó báyìí. Mo ra mọ́ínmọ́ín jẹ nígbà tí mò ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú mọ́tò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Ẹrẹ́nà

Ohùn mi wà lórí Wasáàpù gbogbo ayé. Ẹnì kan ti fi fọ́tò Naimat sí i, ti apá òsì. Ìbátan mi kan fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, ó ń bi mí bóyá mo mọ obìnrin náà.

Naimat pè mí léraléra. Mo rí i. Orí fóònù lèmi àti Alhaji wà, à ń ronú bí a ó ṣe fa Susanna wá sọ́dọ̀ wa.

Kíláàsì ò kún lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Ẹrẹ́nà

Àwòrán wá sílé mi. Òun nìkan, láìsí oníkámẹ́rà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu funfun. Kò kí mi.

Ó ní, "Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ba ti Naimat jẹ́."

Ó ní, "Mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sórí bílíbọ́ọ̀dù. Ẹ lọ wò ó. Ojú rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ló gbé orúkọ rẹ̀ lọ sórí rédíò?"

Mo ní kó jáde nílé mi. Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Ẹrẹ́nà

Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Wọn ò kọ orúkọ.

Ìyẹn ò sọ ọ́ di ènìyàn.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Ẹrẹ́nà

Ó ti parí. A ti yọ Àwòrán lálága. Àwọn ọmọ ìjọ ti ń yọ Susanna lẹ́nu nítorí rédíò, ló bá fọwọ́ sókè tẹ̀lé wa. Kò wo ojú Àwòrán. Àwa mẹ́ta sí òun nìkan. Àwòrán dìde, ó yọ fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri, ó fi há abíyá, ó jáde. Kò dágbére.

Alhaji ní kí èmi ṣe alága. Susanna ní àmín. Kò tilẹ̀ mí kó tó ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n já bílíbọ́ọ̀dù náà walẹ̀ lónìí. Mo dúró wò ó títí wọ́n fi ká a nílẹ̀. Mo pe Naimat kí n lè fún un ní ìròyìn ayọ̀. Kò gbé e. Lẹ́yìn náà, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun mà."

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Ẹrẹ́nà

Ìtúnu Ààwẹ̀. Ilé Alhaji ni mo ti jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn télọ̀ Ijoko pín ẹran àti ìrẹsì wọn láàárọ̀ àná, Naimat ò wá gba tirẹ̀. Wọ́n ń sọ pé òun ló kó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ sórí rédíò, òun ló jẹ́ kí wọ́n pe Ìyá Ẹgbẹ́ ní ìkà. Àwọn àna rẹ̀ náà gbọ́ ọ dé Ọ̀yọ́.

Mo ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bínú sí ìyàwó Alhaji. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Igbe

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ níkẹyìn. Àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó gbé àga fún mi, kò fún mi lómi.

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun ò gbà rí pé Naimat ń ná ìnákúnàá. Òun kàn fẹ́ kí ẹnu àwọn èèyàn rọlẹ̀ ni. "Ká ní ẹ wá bá mi ní ọjọ́ kejì ìpàdé, owó yẹn ì bá ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní báyìí, wọ́n ti pè mí ní ìkà fún gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́. Kí lẹ wá fẹ́ kí n sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́?"

Mo ní Naimat kọ́ ló lọ sórí rédíò, èmi ni, kò mọ̀ sí i. Ó ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. A ò gbà á gbọ́."

Ṣọ́ọ̀bù Naimat wà ní títì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì níwájú rẹ̀ ní ó ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Alapoti.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Igbe

Mo pa kíláàsì tì, mo lọ sí Alapoti. Mo ti ro ohun tí n óò sọ dáadáa. Pé kó wá wọ bọ́ọ̀dù wa. Pé àga Àwòrán ṣófo, òun ni mo fẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún, pé èmi náà yóò sunkún.

Mo béèrè títí mo fi rí i. Ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́yìn ilé epo, kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wọn oníbàárà kan láyà, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi, torí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mo pè é. "Naimat."

Oníbàárà náà bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ta ni Naimat? Ìyá Ràúfù, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Naimat, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè níbí, yọ píìnì lẹ́nu. Ó ní, "Rárá o. Ó jọ pé wọ́n ṣìnà ni."

Ó jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Ó nawọ́ sí ojú títì. "Ẹ máa lọ tààrà, mà. Tí ẹ bá dé oríta, ẹ ó rí mọ́tò Sango." Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀. Mo wá a, kò sí.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ àga.

Mo ní, "Ẹ ṣé o," bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mo lọ tààrà.