Ọmọ Inú Kátúnù Tó Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Peculiar,

Mo ti lọ bá ìyá rẹ ní Oǹdó. Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Bí o bá ń gbé e kaná, má jẹ́ kó jóná bí tàná ṣe jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Lánàá, nígbà tí à ń wo kátúnù rẹ, mo sọ pé ọmọ tó ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó tún gba ojú fèrèsé sá nílé, kò ṣeé fẹ́ràn rárá. Mo fi ìbínú pa tẹlifíṣọ̀n. O ní, "Màmá àgbà, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń sọ nípa màmá mi."

Nígbà tí o lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí, mo wo kátúnù náà parí. Èmi arúgbó onídìí ńlá ń sunkún níwájú kátúnù, díẹ̀ ló kù kí àkàrà tí mo ń jẹ há mi lọ́fun pa. Ọmọ náà padà wálé. Ìyá rẹ̀ ò ti fèrèsé yẹn láti ọjọ́ tó ti lọ.

Èmi pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí ìyá rẹ sá lọ. Nígbà tí Leah gbé oyún rẹ padà dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ gbìyànjú títí láti ṣílẹ̀kùn. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́. Mi ò dìde. Ó gbà kí o wá gbé lọ́dọ̀ mi torí ilé ìwé, ṣùgbọ́n òun ò tún fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́.

Àkúrẹ́ sí Oǹdó ò ju wákàtí kan lọ, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbà mí.

Kọ́kọ́rọ́ ilé yìí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ń mú lọ fún un. Bí mo bá padà dé tí mo kanlẹ̀kùn, jọ̀wọ́, dìde.