Kí N Tó Wọkọ̀ Lọ sí Tàmálè

Olúwadàmọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìbùkún ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ọlọ́run tó dá mi sí tí mo fi ń kọ ìwé yìí á dá ìwọ náà sí tí wàá fi kà á tán. Kò ní rẹ̀ ọ́, o kò ní ṣìnà, Àbújá kò ní gbé ọ mì, níbi tí wọ́n bá sì ti ń pín ire fún ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò ní sọ pé ó ti tán kó tó kàn ọ́. Àmín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ìnísà, àfi orókún mi òsì tó máa ń bá mi jà bí òjò bá ti ṣú, àti adìyẹ funfun tó yé ẹyin sínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, n kò sì lè lé e nítorí ó ti ń sàba, sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Dàmọ́lá, jókòó kí o tó ka èyí. Ilé kọ̀ǹpútà Fọláfúnmi ni mo wà ní Ìkìrun, níwájú gáréèjì, àpò mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mò ń lọ sí Tàmálè ní Gánà lónìí. Fọláfúnmi ọmọ olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mò ń wí. Ó ní tí mo bá kọ ọ́ tán, òun máa ya ìwé náà ní fọ́tò, òun á fi ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí á fi dé Àbújá. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi sínú àpòòwé kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ lójú ọ̀nà, ó kàn ń wò mí.

Mo mọ̀ pé o ní kí n má lọ. O ti kọ́kọ́ ní kí n ní sùúrù di Kérésì, pé wàá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, a ó jọ lọ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn Rẹ̀mí kò mọ Kérésì. O mọ̀ pé Rẹ̀mí ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí a fi sílẹ̀ ní Gánà nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwa àjòjì lọ́dún 1969. Ohun tí o mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù ń bọ̀ nísàlẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dágbére fún ilé, nítorí bí mo bá ti ibi ọ̀rọ̀ Rẹ̀mí bẹ̀rẹ̀, n kò ní lè kọ nǹkan míì mọ́.

Pásípọ́ọ̀tù ni mo kọ́kọ́ wá. Fọláfúnmi bá mi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́, mo ní mo ti ń yan gàrí kí wọ́n tó bí ẹni tó ń béèrè. Wọ́n tún béèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù láyé, mo ní Rẹ̀mí. Fọláfúnmi ní rárá, Màmá, ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe yín ni. Mo ní òun gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n pè. Ó ní ẹni tó wà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń wí, kí n mú Dàmọ́lá. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kó kọ ọ́ sí etí ibẹ̀ pé iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí, tí kò bá gbé e, kí wọ́n máa pè títí, kó má sú wọn. Ó ní kò sí àyè.

Ọkùnrin tó ya fọ́tò mi ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ojú òun náà le koko. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, mo kí i pé ó kú ara fẹ́ra kù, kí Ọlọ́run dá ìyókù sí. Ó ní ẹnì kankan kò kú, pé bí ìjọba ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú ìwé ìrìnnà. Mo ronú sí i nígbà tí mo délé, mo rí i pé ẹni tó ṣe òfin yẹn ti fi ilé sílẹ̀ rí. Ní Òṣogbo, wọ́n ní kí n tẹ ìka mi mọ́ gíláàsì kan tó ń tan iná. Mo tẹ̀ ẹ́, gíláàsì ní òun kò rí ìka kankan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ní iná gàrí ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ mi tán. Mo bi í bóyá ó túmọ̀ sí pé n kò sí mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìpara pa mí lọ́wọ́, ó di ìka mi mú bí ẹni di ti ọmọ ìkókó mú, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí gíláàsì fi gbà pé mo wà. Ọlọ́run á fún un lọ́mọ.

Mo lọ dágbére fún Bàbá Morákinyọ̀ ní Òkukù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ojú wọn ti lọ tán, wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n ní, ìyàwó, ṣé Gánà tí wọ́n ti lé gbogbo wa náà lo tún ń lọ? Mo ní àwọn tó lé wa ti kú. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú owó Gánà bébà kan jáde láti inú Bíbélì, èyí tí wọ́n mú bọ̀ láti Kùmásí láyé ijọ́un, wọ́n ní kí n fi jẹun lójú ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ó ti gbó bí ewé ọdún tó kọjá, àmọ́ mo ti fi sínú pọ́ọ̀sì.

Mo fún Ìyá Ọmọ́dára, aládùúgbò wa, ní ewúrẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò ní kó bá mi tọ́jú wọn, mo fún un ni. Ó bú sẹ́kún, ó ní ṣé n kò ní padà ni. Mo ní màá padà, pé n kò kàn fẹ́ kí ohunkóhun máa dúró dè mí ni. Lẹ́yìn náà mo lọ síbi sàréè bàbá rẹ, mo sọ ibi tí mò ń lọ fún wọn, mo sọ ohun tí mò ń lọ ṣe níbẹ̀ náà. Ọdún méjìlélógójì ni a fi jọ gbé, Dàmọ́lá, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún wọn.

Ohun náà rèé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́dún tí wọ́n lé wa. Rẹ̀mí fi ọdún mẹ́ta péré jù mí lọ, orúkọ ni mo ń pè é, a kì í bọ̀wọ̀ fún ara wa. Ó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní òdìkejì Tàmálè tí à ń gbé, ibẹ̀ ló ń sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba fún wa. Lọ́jọ́ tí bàbá mi rí àyè nínú lọ́rì, wọ́n rán mi pé kí n sáré lọ pe Rẹ̀mí wá, pé tí ọ̀sán bá ti pọ́n lọ́rì máa gbéra. Mo sáré lóòótọ́. Ilé ọ̀rẹ́ mi Àmínà wà lójú ọ̀nà, mo ní kí n kàn yà dágbére fún un. Àmínà ní n kò lè dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú orí wúruwùru, ó ní kí n jókòó kí òun di irun fún mi. Mo jókòó. Ó ń dì í, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, nígbà tí mo máa gbójú sókè, oòrùn ti kọjá àtàrí. Ẹ̀rù bà mí, n kò lọ sọ́dọ̀ Rẹ̀mí mọ́, mo sáré padà sílé. Gbogbo ẹrù ti wà nínú lọ́rì, dírẹ́bà ń fun fèrè, bàbá mi ní Rẹ̀mí dà?

Mo ní Rẹ̀mí ní kí a máa lọ. Mo ní ó ní òun ti rí ọkọ, òun kò bá wa lọ mọ́.

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ ti wá sí mi lẹ́nu. Ìgbájú bàbá mi ni mò ń sá fún. Wọn ò gbá mi, wọ́n ní kí dírẹ́bà máa lọ. Orí mi ni ìyá mi ń wò, irun tuntun tó wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó títí a fi kúrò nílùú, wọn ò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi kú.

Lọ́dún kejì, lẹ́tà Rẹ̀mí dé sí Ìnísà. Bàbá mi kò mọ̀wé, èmi ni wọ́n ní kí n kà á. Ó kọ ọ́ pé òun dé ilé lọ́jọ́ kejì, òun bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, òun bá ìkòkò lórí àdògán, òun kò rí ẹnì kankan, kí ni òun ṣe fún wa? Mo kà á sókè pé ó ní ara òun le, ó ń kí gbogbo ilé. Bàbá mi ní kí n má fèsì. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ, bí mo ṣe ka gbogbo wọn nìyẹn, lẹ́yìn náà kò kọ mọ́. Ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó bímọ. Bàbá àti ìyá mi kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ wọn ló kọ̀ wọ́n.

Èèyàn kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ló lọ sí Tàmálè níjọ́sí tó mú nọ́ńbà rẹ̀ bọ̀. Ọdún méjì ni a fi ń pe ara wa, kò bi mí rí, òjò àti iṣu ni a máa ń sọ. Nígbà tí àìsàn dé, Ọmọ́wùnmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní kí a rí ara wa lójú nínú fóònù. Ibí yìí náà ni mo wá. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, Fọláfúnmi gbé fóònù jókòó fún mi, ó jáde. Rẹ̀mí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ náà ni. Mo ní lónìí ni màá sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ti Àmínà, mo sọ ti irun, ti irọ́, ti lẹ́tà. Ó ń wò mí, kò ṣẹ́jú, kò fọhùn. Mo ní ìbínú ni, ó tọ́ sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí orókún mi fi kú. Nígbà tí Fọláfúnmi wọlé, ó wo fóònù, ó ní Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ tipẹ́, àwòrán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yín.

Mo ní ó tán. N kò ní tún un sọ fún fóònù mọ́, ẹsẹ̀ mi ni màá fi gbé e lọ. Ìdí tí mo fi ṣe pásípọ́ọ̀tù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti di ẹrù tán, Ọmọ́wùnmí pè. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ìyá rẹ̀ nìkan ló kọ́ ọ. Ó ní Màmá ti lọ sílé. Mo ní ilé wo? Ó ní ilé, Màmá kékeré, ilé. Dàmọ́lá, inú mi dùn. Ìnísà ni mo rò. Mo bi í pé ta ló tẹ̀lé e, ṣé mọ́tò tó dára ni wọ́n wọ̀, ṣé wọ́n fi nǹkan bò ó lẹ́sẹ̀ nítorí òtútù. Mo ti ń fi ojú wá ìgbálẹ̀ kí n gbá yàrá kejì. Ó ní, Màmá kékeré, kò sí mọ́tò.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́rú. Ìwọ náà pè, o kí mi dáadáa, o ní ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ti parí nìyẹn. Pásítọ̀ ní a ó ṣe ìsìn ìrántí ní Ìnísà. Mo tú ẹrù mi lóòótọ́, mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Ọmọ́wùnmí tún pè. Ó ní kí n má bínú, nǹkan kan ni òun fẹ́ béèrè, pé kí ni ìyá òun ṣe tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi kó lọ tí wọn ò pè é? Pé ó ń béèrè títí tó fi kú. Mo ní mò ń bọ̀ wá sọ fún ọ.

Nítorí náà, mò ń lọ. Láti ibí dé Èkó, láti Èkó dé Àkrá olú-ìlú Gánà, láti Àkrá dé Tàmálè, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Fóònù mi máa kú ní bọ́dà, má bẹ̀rù. Bí Ọmọ́wùnmí bá gbọ́ ọ tán tó lé mi, màá padà. Bí ó bá ní kí n jókòó, màá jókòó.

Owó bàálù tó o ní o ń tọ́jú, jọ̀wọ́, fi ránṣẹ́ sí Ọmọ́wùnmí kí wọ́n fi ṣe òkúta sórí sàréè ìyá rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i pé Rẹ̀mílẹ́kún, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá wa àti Ìnísà sí i, kí ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ pé ó ní ará ilé. Fi díẹ̀ kún un fún èmi náà, oògùn orókún ti tán. Ṣùgbọ́n sọ fún báǹkì pé kí wọ́n má fi aláàtì nìkan ránṣẹ́, nítorí lọ́jọ́sí aláàtì dé, mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà dìrọ̀lẹ́, n kò rí ẹni tó gbé owó náà wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí ẹnu rẹ kò ní lè kó padà. Àwọn ọmọ tí ẹ máa bí kò ní bẹ̀rù yín débi tí wọ́n á fi purọ́. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, wàá dé ibẹ̀. Àmín.

Wọ́n ti ń pe èrò Èkó. Fọláfúnmi ní tí o bá ti ka ìwé yìí, àmì kékeré méjì kan máa di búlúù nínú fóònù òun. Mo ti sọ fún dírẹ́bà pé n kò ní wọkọ̀ títí á fi di búlúù. Àwọn èrò yòókù ti ń bínú. Kí wọ́n máa bínú. Tètè kà á, ọmọ mi.

Ìyá rẹ,
Dọ́káàsì