Ìgbín lórí Àpáta Ìsùndúnrìn

Ọjọ́ Ajé, 3 Bélú 2025
Ìgbín dìde lónìí. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi ṣe é! Ọkọ̀ tí kò gùn ju apá mi lọ, tí à ń fi rìmóòtù wà, tó ń gun àpáta ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ — ìdí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Egungun rẹ̀, Fábọ̀sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ló jó o ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Bàbá Ifákúnlé, jórinjórin ọ̀nà Masífà. Mọ́tò, wáyà, bátìrì — tèmi, lórí tábìlì tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Nínú ìwé yìí, Ìka Òwú ni Fábọ̀sẹ̀ ń jẹ́. Ìka rẹ̀ fúyẹ́ lórí rìmóòtù. Mi ò ní sọ fún un láé.

Ọjọ́bọ̀, 6 Bélú
Iwájú Ìgbín ń gbéra sókè níbi tó bá ga. A yọ́ òjé sínú rímù iwájú méjèèjì. Ìjà díẹ̀ — ó ní òjé ti pọ̀, mo ní kò tíì tó. Tèmi ló ṣẹ. Ìgbín lẹ̀ mọ́ òkúta.
Ìdíje ọkọ̀ rìmóòtù di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, lórí àpáta ẹ̀yìn Ìsùndúnrìn. Ọkọ̀ kan, awakọ̀ kan. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, wọ́n á mú òun àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ díje ní Àbíjàn lóṣù Ṣẹ́rẹ́. Àbíjàn ni màámi wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fojú kàn wọ́n gbẹ̀yìn.
A fẹnu kò: lọ́jọ́ Àìkú, a ó fi Ìgbín gun òkúta tó wà nílùú Ara lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá borí ni yóò wà á níbi ìdíje.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Bélú
Òjò. A ò lọ. Ìka Òwú ní ká sún un síwájú. Kò wò mí lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Bélú
Sọ̀fíyátù, tó ń kọ orúkọ àwọn olùdíje, gbé fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ wá. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní òun gbọ́ pé mò ń ran Fábọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ báwo? Ó ní orúkọ Fábọ̀sẹ̀ ló wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun nìkan.
Ọjọ́ Ajé! Ká tó dárúkọ Ara rárá! Ó jókòó níwájú mi lọ́jọ́bọ̀, ó ń gbà pẹ̀lú mi.
Mo pè é. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀ ni." Mo gé fóònù.
Màámi fi ohùn ránṣẹ́: "Wàlíyá, ma fille, ọmọbìnrin mi, ṣé o ń bọ̀ lóòótọ́?" Mi ò tíì fèsì.

Ọjọ́rú, 12 Bélú
Mo ṣe é.
Ó gbé Ìgbín wá kí n yẹ wáyà wò, ó lọ jẹun. Jíà kékeré kan wà lẹ́nu mọ́tò. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tí kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ, ló dè é mọ́ ibẹ̀. Tó bá tú, mọ́tò á máa yí lásán, táyà ò ní yí. Mo tú u dé ìdajì. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi dè é.
Ó padà dé. Ó ní ṣé ó pé. Mo ní ó pé.

Ọjọ́bọ̀, 13 Bélú
Mo kírun, mi ò mọ iye rákáà tí mo kí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Bélú
Mo lọ sílé wọn kí n lè dè é padà. Ìyá rẹ̀ ní ó ti gbé ọkọ̀ lọ sí Ara láti àná, ibẹ̀ ni yóò gbà dé Ìsùndúnrìn. Mo pè é nígbà mọ́kànlá. Kò gbé e. Ó rò pé ìjà ni.
Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Yẹ jíà wò." Mo pa á rẹ́. Ó máa mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Bélú
Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.
Táyà ọ̀kadà tí mo gùn jò lọ́nà. Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti parí ipele méjì, Ìgbín ló sì ṣíwájú nínú ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Awakọ̀ á máa rìn tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀, á máa darí rẹ̀ gba àárín igi tí wọ́n tò ní méjì-méjì. Bó bá fara kan igi, wọ́n á yọ máàkì. Ìgbín ò tíì kan ìkankan.
Mò ń ti èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pariwo, "Fábọ̀sẹ̀, dúró!" Ó rí mi. Ó rò pé mo wá bú òun ni, ó kọjú sí àpáta.
Ó kù díẹ̀ kó dé ṣóńṣó. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké — igbe fẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti ẹ̀fọn létí. Táyà dúró. Ìgbín yọ̀ sẹ́yìn, ó yí lulẹ̀, ó já bọ́ láti ibi tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Egungun iwájú ṣẹ́.
Mo bá a nísàlẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ń ṣa èyí tó fọ́ sínú fìlà rẹ̀. Kí n tó lanu, ó ní, "Wàlíyá, má bínú. Mo mọ̀ pé o máa borí mi ní Ara, ìdí tí mo fi sáré kọ orúkọ mi nìyẹn. Mo gba àyè rẹ, mi ò tún lè yẹ nọ́ọ̀tì wò."
Mo ní kò burú.
Mo ní kò burú!

Ọjọ́ Ajé, 17 Bélú
Màámi ní kí n gba kámú, pé Ọlọ́run ló mọ ohun tó fà á. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú, 19 Bélú
Sọ̀fíyátù ló sọ ọ́: Bàbá Ifákúnlé ti lé Fábọ̀sẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ẹni tí kò lè de nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ìṣeré, ṣé géètì ilé onílé ni yóò dè? Iwájú àwọn oníbàárà ni wọ́n ti sọ ọ́. Kò jáde nílé mọ́.


Ọjọ́bọ̀, 20 Bélú
Mo lọ bá a láàárọ̀. Mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ — ọjọ́rú, nọ́ọ̀tì, ọwọ́ mi.
Ó ní, "Ta lo tún sọ fún?" Mo ní kò sí.
"Lọ sọ fún bàbá mi."
Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ lọ. Ó ní, "Ṣé a jọ tú u ni?"
Iná ń ta lára irin nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà méjì wà ńbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe Fábọ̀sẹ̀. Èmi ni mo tú nọ́ọ̀tì náà." Mo sọ ọ́ tán láìgbójú sókè.
Bàbá bọ́ gíláàsì dúdú kúrò lójú. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí, èmi tí mo ti ń jẹun nílé wọn láti kékeré. Wọ́n mú fóònù. "Fábọ̀sẹ̀. Máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́." Wọ́n tún ní, "Mo ṣì ọ́ mú, ọmọ mi."
Wọ́n dé gíláàsì wọn padà, wọ́n tẹjú mọ́ irin. Wọn ò ní kí n dìde. Fúnra mi ni mo dìde.
Mo pàdé Fábọ̀sẹ̀ lójú títì, ó ń yára bọ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá.