Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Ọláníyan Wà

Tudun Wada,
Jos.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, 1984.

Olúdayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Ìbàdàn. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi ọ́ sílẹ̀. Èmi wà láàyè. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ló ń dà mí láàmú.

Harold ti padà sí Jos. Harold ọmọ Ògúnníyì ọ̀gá réluwéè, ẹni tí gbogbo ìlú ń sáré lọ wò nígbà tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Wọ́n ní ó gbá rẹfirí létí ní Èkó, ni wọ́n fi lé e. Ó wá fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa ṣeré lọ́dún tó ń bọ̀.

O mọ̀ pé wọn kì í kọ orúkọ eléré kankan sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa àfi tó bá ti jẹun nínú ìkòkò mi. Ìdí nìyẹn tí Àlàájì Lùkúmọ̀n alága wa, tó ń ta pákó ní Katako, fi wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní orúnkún Harold ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò tíì kúrò lára agbọ̀n, àwọn ọmọdé á rí nǹkan kọ́ lára rẹ̀. Mo ní, "Àlàájì, ẹ ti ṣírò èrè. Ta ló máa ṣírò òfò?" Ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa borí ní Làfíà, tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Harold gba ọkọ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó ní òun tí òun gbé wọn borí náà ni yóò gbé wọn délé. Òkè Hawan Kibo ni ọkọ̀ ti dojú dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló kú. Bí ẹ ti sin ín tán ni Harold gba Èkó lọ, kò wá wo ojú mi. Láti ọdún mẹ́jọ yìí, Màmá Dayọ̀ ni gbogbo ayé ń pè mí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi orúkọ àkọ́bí mi pè mí mọ́. Èmi náà ò mọ ibi tí ẹ sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ sàréè ọmọ.

Láti ọjọ́ tí Àlàájì ti wá ni mo ti ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ǹtì pápá ẹ̀yìnkùlé wa ní àfẹ̀mọ́jú. Á dún, á dúró, bí ẹ̀gbọ́n rẹ ti máa ń wọn ọ̀nà kó tó jù ú. Mo ṣílẹ̀kùn títí, eruku ọyẹ́ nìkan ni mo rí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ló ń ṣe mí.

Mo ránṣẹ́ pe Harold. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Màmá Ọláníyan," bẹ́ẹ̀ ló pè mí. Ó wá ń fi Háúsá tọrọ àforíjì, bí ẹni tí Yorùbá ti tán lẹ́nu rẹ̀: "Ku yi hàkúrí, Màmá." Èmi ti ro ohun tí màá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Mú mi lọ síbi tí ọmọ mi wà. Bí a bá ti dé, màá dáná fún ọ, wọn á kọ orúkọ rẹ."

Ó ní, "Màmá, mo ti ṣẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní torí bọ́ọ̀lù mú yín dé ibi tí ìyá kì í dé." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń tiro lọ.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dán an wò o, Dayọ̀. Mo fẹ́ lọ ní tòótọ́. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Ní Sátidé mo dáná, mo ní kí Àlàájì pè é wá. Nígbà tó dé, erùpẹ̀ pupa wà lórí orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mi ò bi í níbi tó ti ń bọ̀. Mo bu omi fún un, ó ṣan ọwọ́, ó jẹun, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́. Omi ìṣanwọ́ náà pọ́n nínú abọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mi ò mọ ibi tí ènìyàn ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sí.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣẹ́kù fún mi yóò dá ọ sí. Ọ̀nà tí o bá ń tọ̀ kò ní gbé ọ mì. Ìwọ ni wàá sin mí.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Rosaline Ọláwándé.

Àfikún: Bí o bá wálé fún Kérésìmesì, kí ìwọ àti Harold jọ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ má jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ.