Ìyá Àbẹ̀kẹ́ Kò Rìnrìn Àjò

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ṣómólú níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ àti gbogbo ará ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n bá mi gbé lẹ́tà yìí sí, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé wa nìkan.

Ẹ bínú pé mi ò wálé lọ́dún Àjíǹde. Ẹ tiẹ̀ ránṣẹ́ pé ṣé Èkó ti gbé mi mì ni. Lóòótọ́, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn ṣọ́jà gbé dé, ti fojú wa rí màbo, àmọ́ òun kọ́ ló dá mi dúró. Ọmọ ọmọ yín Àbẹ̀kẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ gbéra, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má rìnrìn àjò. Mo ní ká jọ lọ, ló bá tún fi igbe ta.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Gbogbo wa la sọ fún un pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Èmi gan-an sọ ọ́. Ìfẹ́ ló jẹ́ ká sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nígbà tiwa. Àmọ́ ọmọ ọdún márùn-ún gbà wá gbọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti rìnrìn àjò kì í padà mọ́.

Ẹ bá mi dúpẹ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mò ń ṣe ní òpópónà Bajulaiye. Bébà ti wọ́n bí ojú, àwọn ilé ìtẹ̀wé míì ti tilẹ̀kùn, síbẹ̀ tiwa ṣì ń rí iṣẹ́ ṣe. Lóṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìwé aláwòrán wá fún wa láti tẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń la ọ̀rọ̀ ikú yé ọmọdé. Bí mo ṣe ń ká bébà ni mo ń kà á. Ìwé náà sọ pé bàbá àgbà kan kú, pé kò sùn, kò sì rìnrìn àjò. Kò mí mọ́, ebi ò sì lè pa á mọ́. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Ó ṣa àwọn bébà tí àwọ̀ wọn ti yẹ̀, èyí tí a ò lè tà, ó ní kí n dì wọ́n pọ̀ di ìwé kan fún ọmọ mi. Àánú ṣì wà nílùú yìí, Màmá.

Ní Sátidé ìmọ́tótó, tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde, mo kà á fún un nínú yàrá wa l'Ábúlé Òkúta. Ó béèrè bóyá ìyá òun náà ò mí mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá òun ló ṣẹ̀ ẹ́ tó fi lọ láìdágbére. Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ní rárá o, àìsàn ni, ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú. Ó sunkún títí, ó sì ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà tó yá, ó ní ibo la sin ín sí. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ní ká lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó wọlé. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọmọ yìí pọ̀n nígbà tí apá mi ò ká nǹkan kan. Tó bá bi yín léèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún pe ikú ìyá rẹ̀ ní ìrìn àjò. Mo mọ̀ pé yóò nira fún yín láti sọ. Ẹ ṣáà dì í lọ́wọ́ mú lọ síbi tí ìyá rẹ̀ wà, kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Ó ní òun fẹ́ sọ fún un pé òun ò bínú mọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá wa kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyọ̀, bàbá Àbẹ̀kẹ́.